Ẹ Bi Wá: Ọmọ oní-fúláwà tó lọ ra ẹnu ọ̀nà sinimá

Lóṣù tó kọjá mo kàn dárúkọ J. Arthur Rank lójú ewé yìí ni, mo ní ọmọ oní-fúláwà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, tó padà wá ní ilé sinimá tó ju 600 lọ. Ìlà méjì péré ni mo kọ, mo ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, àfi bí lẹ́tà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì. Mo mú mẹ́rin nínú wọn. Ti àkọ́kọ́ ló máa gba àyè jù torí ó ká mi lára gan-an.

Láti Agric, Ìkòròdú

Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ ọdún 27 ni mí, fíìmù ni mò ń ṣe. Lọ́dún tó kọjá èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi kówó jọ, a ya fíìmù wa àkọ́kọ́, ọdún méjì gbáko ni mo fi dá àjọ torí ẹ̀. Ilé sinimá kan gbà á lọ́wọ́ wa, inú wa dùn, a pe ẹbí a pe ará, àṣé aago mẹ́wàá àárọ̀ Túsìdeè ni wọ́n máa fi sí, ta ló fẹ́ wá wo fíìmù láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ mà? Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní èèyàn ò wá. Ẹ wá ní ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì yẹn ní ilé sinimá tó ju 600. Báwo ló ṣe ṣe é? Bọ̀dá mi kan ní òun lè ṣe onídùúró fún mi kí n yáwó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn. Ṣé kí n fi kọ́ ilé sinimá kékeré tèmi sí Ìkòròdú níbí ni, àbí kí n fi ya fíìmù kejì?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọ yẹn, irú ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe fún Rank, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Hull ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1888, ìlú etí omi ni. Bàbá ẹ̀, Joseph Rank, ló ni ilé iṣẹ́ ìlọ fúláwà tó wá di ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ náà á ti gba Ìmọ̀tà kọjá rí, o á ti rí ilé ìlọ ìrẹsì tí ìjọba Èkó kọ́ síbẹ̀, wá fojú inú wò ó pé bàbá rẹ ló ni irú ẹ̀, kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Arthur kọ́kọ́ dá òwò fúláwà tara ẹ̀ sílẹ̀, ó dẹnu kọlẹ̀, ló bá padà sábẹ́ bàbá ẹ̀. Kò sí sinimá lọ́rọ̀ ẹ̀ rárá nígbà yẹn. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì paraku ni, tíṣà Sọ́ńdè-sùkúù ni, ó sì ṣàkíyèsí pé tóun bá fi fíìmù kọ́ àwọn ọmọ ní Bíbélì, wọ́n máa ń jókòó jẹ́ẹ́ gbọ́ òun. Ló bá ń wá fíìmù ìsìn kiri, èyí tó ń rí ò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ni òun àtàwọn kan bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1933 tí á máa ṣe é fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tún ní ìwé ìròyìn Mẹ́tọ́díìsì kan lọ́wọ́, ìwé ìròyìn yẹn ń pariwo pé fíìmù tó ń jáde ń ba ìdílé jẹ́, ni ìwé ìròyìn míì ní Lọ́ńdọ́nù bá dá wọn lóhùn pé tínú wọn ò bá dùn sí i, kí wọ́n lọ wá nǹkan ṣe sí i fúnra wọn. Ó mú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́kùn-únkúndùn.

Lọ́dún 1934 òun àti opó olówó kan, Lady Yule, àti ọ̀dọ́mọkùnrin prodúsà kan tó ń jẹ́ John Corfield, dá ilé iṣẹ́ British National sílẹ̀. Fíìmù wọn àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1935, Turn of the Tide lorúkọ ẹ̀, ìdílé apẹja méjì tí wọ́n jọ ń bára wọn jà létí òkun ló dá lé lórí, irú ìjà tí ẹni tó bá ń ra ẹja lọ́jà Olúwo l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ á mọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún un. Fíìmù tó dáa ni. Àmọ́ nígbà tó kan ọ̀dọ̀ àwọn tó nílé sinimá, ilé iṣẹ́ Gaumont-British tó yẹ kó gbé e kiri sọ ọ́ sí kọ̀rọ̀, wọ́n fi í ṣe fíìmù kejì tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ gidi, owó tí wọ́n ná sí i ò wọlé. Àárọ̀ Túsìdeè tìrẹ náà kọ́ nìyẹn?

Rank ò jókòó sunkún. Ó fi ojú oníṣòwò fúláwà wo ọ̀rọ̀ náà. Nídìí fúláwà, ẹni tó bá lọ àlìkámà tí ò ní ẹni tó máa gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, kòkòrò ló ń lọ̀ ọ́ fún. Ó wá rí i pé nínú òwò fíìmù, ọwọ́ mẹ́ta ni nǹkan máa ń gbà kọjá, ọwọ́ ẹni tó yà á, ọwọ́ ẹni tó ń pín in, ọwọ́ ẹni tó ni gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń wò ó, owó sì ń gba ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn wọlé padà, tí àwọn tó wà lójú ọ̀nà bá ti bù tiwọn tán kí ẹni tó yà á tó rí tiẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ kù nǹkan kan.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà nìyí. Kì í ṣe ilé sinimá ló kọ́kọ́ rà. Ọkùnrin kan wà, C. M. Woolf, tó mọ òwò pípín fíìmù bí ẹní mọ̀wò, ó kúrò ní Gaumont-British lọ́dún 1935, ó dá General Film Distributors sílẹ̀, Rank bá kówó tì í lẹ́yìn. Lọ́dún 1936 wọ́n da nǹkan pọ̀ sábẹ́ ilé iṣẹ́ kan tó lówó lọ́wọ́ dáadáa, wọ́n tún ra ìpín nínú Universal ti Amẹ́ríkà, ìyẹn ni pé fíìmù Amẹ́ríkà tí aráyé ń sáré lọ wò ti ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Lóṣù September ọdún yẹn kan náà, Pinewood ṣílẹ̀kùn, sítúdíò ńlá lẹ́yìn Lọ́ńdọ́nù tí òun àti Charles Boot jọ kọ́. Wọ́n wá kó gbogbo ẹ̀ sábẹ́ orúkọ Rank lọ́dún 1937. Nígbà tí owó tán lọ́wọ́ Alexander Korda tó kọ́ sítúdíò Denham, ọ̀dọ̀ Rank náà ni Denham bọ́ sí.

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan ilé sinimá. Oscar Deutsch, ọmọ oníṣòwò irin àlòkù ní Birmingham, ló dá Odeon sílẹ̀, àkọ́kọ́ tó jẹ́ orúkọ yẹn ṣí ní Perry Barr lọ́dún 1930, nígbà tó fi máa ṣí èyí tó lókìkí jù ní Leicester Square lóṣù November 1937, wọ́n ti ju 200 lọ. Báwo lèèyàn ṣe ń kọ́ ilé 200 láàárín ọdún méje? Owó àwọn ẹlòmíì ni, àwọn olówó àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ń dáwó sí ti àdúgbò wọn. Rank wọ ìgbìmọ̀ Odeon lọ́dún 1939. Deutsch ṣaláìsí lóṣù December 1941, ọmọ ọdún 48 péré, Odeon bá di ti Rank. Lọ́dún yẹn kan náà ló tún ra Gaumont-British lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n àtàbúrò Ostrer. Àbúrò mi, ṣé o rántí ilé iṣẹ́ tó sọ fíìmù ẹ̀ àkọ́kọ́ sí kọ̀rọ̀? Òun náà ni.

Ogun ń jà lọ́wọ́ nígbà yẹn o, bọ́m̀bù ń já lu Lọ́ńdọ́nù, ta ló ń ra gbọ̀ngàn sinimá nígbà tí òrùlé lè lọ lálẹ́ ọjọ́ kan? Rank ń rà. Báyìí ló ṣe di ẹni tó ní méjì nínú ẹgbẹ́ sinimá mẹ́ta tó tóbi jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kẹta tó kù ni ABC. Ìjọba fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fòyà, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ tó kọ̀wé lọ́dún 1944 pé òwò fíìmù ti fẹ́ di ti ẹnì kan ṣoṣo. Ogun parí, lọ́dún 1946 tíkẹ́ẹ̀tì sinimá tí wọ́n tà jákèjádò ìlú yẹn jẹ́ mílíọ̀nù 1,635, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ibẹ̀ ò tó mílíọ̀nù 50. Kálukú lọ sinimá ju ìgbà 30 lọ láàárín ọdún kan! Owó ń wọlé, Rank sì ṣe ohun kan tí mo máa ń yìn ín fún títí dòní, ó kówó fún àwọn tó mọ iṣẹ́ fíìmù yíyà, David Lean, Michael Powell àti Emeric Pressburger, kò sì jókòó lé wọn lórí. Hamlet tí Laurence Olivier ṣe lábẹ́ ẹ̀ ló kọ́kọ́ gba Oscar fíìmù tó dáa jù lọ nínú gbogbo fíìmù tí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà, ti ọdún 1948 nìyẹn.

Wàyí o, ilé sinimá 600, ẹnu ni gbogbo wọn o. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń jẹun, fíìmù ni wọ́n ń jẹ, Amẹ́ríkà ló sì ń bọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn. Lóṣù August 1947 owó dọ́là tán lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bá gbé owó orí 75% lé fíìmù tó bá ń tòkèèrè wọlé. Àwọn Hollywood ní kò burú, àwọn ò ní fi fíìmù tuntun ránṣẹ́ mọ́. Ẹnu 600 là sílẹ̀. Rank ní òun máa bọ́ wọn fúnra òun, ó kéde fíìmù tó ju 40 lọ, owó tó ju mílíọ̀nù 9 pọ́ùn lọ, gbogbo sítúdíò ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, èyí tí wọ́n fi ìkánjú ṣe nínú wọn sì pọ̀. Kò tíì parí, lóṣù March 1948 ìjọba àti Amẹ́ríkà bára wọn ṣàdéhùn, wọ́n yọ owó orí náà, gbogbo fíìmù Hollywood tó ti ń dúró látẹ̀yìn bá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ti Rank ò lè dúró níwájú wọn. Nígbà tó fi máa di 1949, gbèsè tó jẹ báǹkì ti tó mílíọ̀nù 16 pọ́ùn. Ọ̀gá tuntun, John Davis tó jẹ́ àkáǹtáǹtì, bẹ̀rẹ̀ sí í gé níbí gé lọ́hùn-ún, wọ́n ta sítúdíò Lime Grove fún BBC, Denham ò pẹ́ tóun náà fi dákẹ́, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí mo dárúkọ lókè yẹn náà ti ń wábi gbà.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ tìrẹ wá kàn. Má fi owó alájẹṣẹ́kù kọ́lé sinimá. Rank ní fúláwà, tí fíìmù ò bá wọlé lónìí aráyé á ṣì jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ ọ̀la, òun ni ò jẹ́ kó subú pátápátá. Kí ni fúláwà tìrẹ? Bọ̀dá rẹ tó ṣe onídùúró ni wọ́n máa wá dì mú. Ilé sinimá á sì máa jẹ dísẹ́ẹ̀lì, á máa jẹ fíìmù, tìrẹ kan ṣoṣo ò lè yó o.

Má sì tíì ya ìkejì. Ti àkọ́kọ́ yẹn ò tíì kú. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi mú wa lọ wo fíìmù eléré Yorùbá kan ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan níbí ní Ìkòròdú, ariwo jẹnẹrétọ̀ fẹ́ bo ohùn mọ́lẹ̀, ohun tí mo sì rántí jù lọ ni pé ìyàwó eléré gan-an ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àpò owó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀, òun ló ń ya tíkẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá wa ṣe é, Ògúndé ṣe é, Ade Love ṣe é, wọ́n gbé fíìmù àti ẹ̀rọ sínú ọkọ̀, wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú. Wọn ò lówó ra ẹnu ọ̀nà, àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan yẹn àwọn ló jókòó síbẹ̀. Ìwọ náà lọ bèèrè gbọ̀ngàn àríyá ní Ṣábọ̀ tàbí Ìgbógbó, bèèrè iye tí wọ́n ń gbà ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, kì í ṣe Sátidé, torí òde ìyàwó ti gba Sátidé. Háyà ẹ̀rọ. Fi ẹni tí o fọkàn tán sẹ́nu ọ̀nà, ka orí, kọ ọ́ sínú ìwé, iye tó wá, ibi tí wọ́n ti wá. Ṣe é níbí, ṣe é l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ṣe é ní Àgbádárìgì. Ìwé yẹn ni kó o gbé lọ bá àwọn tó ń pín fíìmù kó o tó ya ìkejì, kẹ́ ẹ sì fohùn sí ọjọ́ àti aago lórí bébà kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà.

Láti Àgbádárìgì

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì lèmi náà, inú mi dùn nígbà tẹ́ ẹ ní ọmọ ìjọ wa ni Rank. Ṣé nígbà tó wá dolówó sinimá, ṣé ó ṣì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì?

Ìdáhùn

Ó ń lọ. Ìlú tí Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí lóṣù September 1842 tí ìwàásù Mẹ́tọ́díìsì fi bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa, ó yẹ kí irú ìbéèrè yìí ti ibẹ̀ wá. Rank ò fi Sọ́ńdè-sùkúù sílẹ̀ ní Reigate tó ń gbé, tí ilé iṣẹ́ ẹ̀ ti tóbi pàápàá. Wọ́n ṣe ẹgbẹ́ sinimá àárọ̀ Sátidé fáwọn ọmọdé kéékèèké láwọn Odeon àti Gaumont, wọ́n tún ń ya fíìmù tó jẹ́ tàwọn ọmọdé nìkan, nǹkan tí kì í mówó wá nìyẹn. Lọ́dún 1953 ó kó ìpín tó ní nínú ilé iṣẹ́ náà sábẹ́ àjọ àánú, lọ́dún 1957 wọ́n fi í jẹ oyè Baron, ó ṣaláìsí lọ́dún 1972. Àmọ́ n ò ní parọ́ fún yín, fíìmù tó bá ìwàásù mu ò tó nǹkan nínú ohun tó ti Pinewood jáde. Ó kó sínú òwò náà láti tún un ṣe, ó sì rí i pé ilé 600 ò lè fi ìwàásù ṣí lálaalẹ́. Lójú tèmi, fíìmù àwọn ọmọdé yẹn ló sún mọ́ ohun tó bá wá jù.

Láti Ẹ̀pẹ́

Ọmọ mi, mo ti lé ní ẹni ọdún 70. Nígbà tí mo wà ní Lọ́ńdọ́nù mo máa ń rí ọkùnrin gìrìpá kan tí ò wọ ẹ̀wù, tó máa ń lu agogo ràgàjì kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé ti Rank yẹn náà ni?

Ìdáhùn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà, bàbá mi. Tiẹ̀ ni. Láti ọ̀dọ̀ General Film Distributors ti Woolf ló ti wá kó tó di ti Rank. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n ń pààrọ̀ wọn ni. Billy Wells tó jẹ́ abẹ̀ṣẹ́ lókìkí jù nínú wọn, Phil Nieman ṣe é, Ken Richmond ló tẹ̀ lé e, ìyẹn jẹ́ oníjàkadì tó gba bàbà níbi Olimpíìkì Helsinki lọ́dún 1952. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Richmond lẹ rí sà. Agogo yẹn o, kì í ṣe irin, bébà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù rọ ni, tí wọ́n bá lù ú gidi ó máa ya. Onílù kan tó ń jẹ́ James Blades ló lọ lu agogo ilẹ̀ Ṣáínà fún ohùn tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn.

Láti Òdogúnyàn, Ìkòròdú

Mà, ṣé Rank ṣì wà báyìí?

Ìdáhùn

Orúkọ ẹ̀ wà. Tẹlifíṣọ̀n ló kọ́kọ́ lé àwọn èèyàn kúrò ní sinimá, tíkẹ́ẹ̀tì mílíọ̀nù 1,635 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ti já wá sí bíi mílíọ̀nù 500 lọ́dún 1960, nígbà tó fi di 1984 mílíọ̀nù 54 ló kù. John Davis ti ń wá oúnjẹ míì fún ilé iṣẹ́ náà tipẹ́, lọ́dún 1956 wọ́n bá àwọn kan ní Amẹ́ríkà dá Rank Xerox sílẹ̀, ẹ̀rọ fótókọ́pì. Fótókọ́pì yìí náà tẹ́ ẹ̀ ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì kẹ́ ẹ tó lọ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, òun ló wá ń mówó wọlé fún wọn ju sinimá lọ. Fíìmù wá di ohun tí wọ́n ń ṣe díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún 2000 wọ́n ta Odeon, wọ́n ta Pinewood náà lọ́dún yẹn. Odeon wà lábẹ́ AMC, ilé iṣẹ́ sinimá ti Amẹ́ríkà, báyìí, Pinewood ṣì ń ya fíìmù ńláńlá.

Ohun tó dùn mí nínú ẹ̀ ni pé nígbà tí òfin 1960 fàyè gba tẹ́tẹ́ bíńgò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ nínú gbọ̀ngàn sinimá tó ti ṣófo ni wọ́n sọ di ilé bíńgò, Rank fúnra ẹ̀ ṣì wà láyé nígbà yẹn. Ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ Rank lónìí, bíńgò àti kàsínò ni wọ́n ń ṣe. Mẹ́tọ́díìsì ò fẹ́ràn tẹ́tẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, orúkọ tíṣà Sọ́ńdè-sùkúù yẹn ni ilé iṣẹ́ náà sì ṣì ń jẹ́.